Ohun Tí Ojú Kò Rí Ni Owó Mi Bá Lọ: Àyẹ̀wò Ọdún Mi Pẹ̀lú Àwọn Ẹ̀rọ Ìfọ-aago

Oṣù Kejìlá ti dé, ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Àkúrẹ́, kálukú sì ń ṣírò ọdún. Ẹnìkan ń dúpẹ́ fún ilẹ̀ tó rà lọ́nà Ìdànrè, ẹlòmíràn ń fi ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ hàn wá. Ohun tí èmi ní láti fi hàn kò ju ẹ̀rọ mẹ́ta lọ. Gbogbo wọn ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n ń fọ inú aago ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ o, nítorí ohun tí àwọn ará ọ́fíìsì mi ní Alágbàka máa ń rò nìyẹn. Orí tábìlì lèyí ń gbé. Mọ́tò kan wà lókè rẹ̀, ó so mọ́ ọ̀pá irin tó ṣeé gbé sókè sódò, tó sì ṣeé yí kiri. Apẹ̀rẹ̀ wáyà kékeré kan rọ̀ sábẹ́ mọ́tò náà. Atún-aago-ṣe á tú aago palẹ̀, á kó àwọn jíà àti pẹlẹbẹ irin inú rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, á rì í bọ inú ìgò àkọ́kọ́ tí oògùn ìfọ̀ wà, mọ́tò á sì máa yí i. Tó bá tó, á gbé e sókè díẹ̀ kúrò nínú omi, ṣùgbọ́n kò ní í yọ ọ́ kúrò nínú ìgò. Á jẹ́ kó yí kíákíá kó gbọn ohun tó kù lára rẹ̀ dànù. Ìgò kejì àti ìkẹta wà fún ìṣàn. Ihò kẹrin kò ní omi, iná ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń gbẹ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí ni àwọn pẹlẹbẹ irin tó dúró yí inú ìgò ká. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wọn lè rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Wọ́n ń dá omi lọ́wọ́ kọ́ ni, kó má baà máa bá apẹ̀rẹ̀ yí. Bí omi bá ń bá apẹ̀rẹ̀ yí, ìdọ̀tí á jókòó síbi tó wà. Ẹni tó kọ́kọ́ ro ìyẹn dé mọ iṣẹ́ gan-an.

Ìdí tí irú mi fi ń rí wọn rà kò ṣòro. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1969 ni Seiko gbé Astron jáde ní Tókíò, aago ọwọ́ quartz (irú aago oníbátìrì kan) àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráyé, 450,000 yen ni iye rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí aago oníbátìrì fi di ohun tí ọmọ iléèwé lè rà. Aago tó nílò kí wọ́n tú u kí wọ́n fọ ọ́ wá ń dín kù, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ náà sì ń lọ sórí ẹ̀rọ ultrasonic, èyí tó ń fi ìró tí etí wa kò gbọ́ gbọn ìdọ̀tí kúrò. Àwọn ẹ̀rọ alápẹ̀rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe ń di tòkunbọ̀ nìyẹn.

Nínú mẹ́ta tèmi, L&R ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ dé, ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 tó wà ní Kearny, New Jersey. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé e wá nínú báàgì nígbà tó ń bọ̀ wá sìnkú ìyàwó bàbá wa. Ó ní tí mo bá tún rán òun ní irú iṣẹ́ wúwo bẹ́ẹ̀, kí n lọ wá ẹ̀gbọ́n mìíràn. Èkejì jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, páànù tí orúkọ wà lára rẹ̀ ti já dànù. Ẹ̀kẹta ni Elma, láti Singen ní Jámánì, mo sì máa dé orí ìyẹn.

Mo jókòó ti ìwé ìnáwó mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì rí i pé ó ju ìdajì owó ọdún yìí lọ tó bá ohun tí ojú kò rí lọ. Bàbá Ìbejì náà rí i. Ó ní, "Ṣé gbogbo èyí tí o ń kó owó lé lórí, o tún máa wá fi ìdérí bò ó mọ́lẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ta ló ń rí ìpìlẹ̀ ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fún mi lówó.

Ẹ wo ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Lójú, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mọ́tò rẹ̀ ń yí, kókó rẹ̀ ń dán. Nígbà tí mo ṣí ìdí rẹ̀, rọ́bà ara wáyà ti gbó débi pé bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń fọ́ wẹ́wẹ́, tí bàbà ìhòòhò sì ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Wáyà méjì péré ló wọnú rẹ̀, kò sí ti ilẹ̀ tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin ni gbogbo ara rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù dì í mú nínú ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ símẹ́ǹtì, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Mo fa wáyà kúrò pátápátá, mo fi oníwáyà mẹ́ta tuntun sí i, mo sì de ti ilẹ̀ mọ́ ara irin rẹ̀ gírígírí. Nígbà náà ni mo ní kí oníná wá yẹ ilé wa wò. Ihò kẹta inú gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, kò lọ síbì kankan! Láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé ló ti wà bẹ́ẹ̀. A ra ọ̀pá bàbà, a rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo tiyín.

Kàpásítọ̀ ló tẹ̀lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí ni kó má jẹ́ kí ìtàpàrà mọ́tò máa da rédíò àdúgbò rú. Bébà tí wọ́n rì sínú ìda ló wà nínú ti àtijọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọ̀rinrin á wọ̀ ọ́, yóò máa jo iná, àwọn kan sì máa ń gbiná. Mi ò tilẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò mọ́ kí n tó yọ wọ́n. Èyí tí mo ń fi sí i ni X2, irú tí wọ́n ṣe fún iná ilé, 0.1 microfarad, tó lè gba fóòtì (volt) 275. Kékeré báyìí ni, kò tó èékánná àtàǹpàkò, kò sì wọ́n.

Èyí tó dà mí láàmú jù wà lábẹ́ ihò ìgbóná. Paálí kan wà níbẹ̀, àwọ̀ eérú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí bí òwú. Asbẹ́stọ́ọ̀sì ni. Àwa tí a dàgbà lábẹ́ àjà asbẹ́stọ́ọ̀sì kì í kà á sí ohunkóhun, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ni iṣẹ́ ibi rẹ̀. Ó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún, ọgbọ̀n ọdún. Mo gbé ẹ̀rọ náà bọ́ síta, mo wọ ìbòmú, mo fi omi rin paálí náà dáadáa kó má baà bú, mo yọ ọ́ lódindi, mo sì fi ọ̀rá wé e lé ọ̀rá. Kò sí sáńpépà, kò sí fífẹ́ eruku. Máíkà ni mo fi rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú áyọ́ọ̀nù àtijọ́. Ọ̀gá kan tó ń tún áyọ́ọ̀nù ṣe ní Ọjà Ọba ló gé e fún mi.

Ti L&R yàtọ̀. Iná Amẹ́ríkà, fóòtì 120, ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa jẹ́ 230, lọ́jọ́ tí orí bá bá a ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí fóòtì bá di ìlọ́po méjì, ooru náà á di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ihò ìgbóná tó yẹ kó jẹ 100 wáàtì á máa fa nǹkan bíi 370 lórí iná tiwa, títí tí yóò fi já. Torí náà, tiransífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ ló ń jẹun ṣáájú rẹ̀, sítábíláísà sì ń jẹun ṣáájú tiransífọ́mà. Mọ́tò fúnra rẹ̀ kò ní ìjọ̀ngbọ̀n ní tirẹ̀. Oníkábọ́ọ̀nù ni, irú ti inú bíléńdà, kò bìkítà bóyá iná jẹ́ 50 tàbí 60 Hz. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò sí ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ti dríìlì pọ̀ níta bí iyanrìn; mo ra èyí tó tóbi jù ú lọ, mo sì fi sáńpépà ha á títí ó fi wọlé láìfún, láìtú. Ṣọ́ọ̀bù kan tó ń gbẹ́ irin lójú ọ̀nà Oǹdó ló ṣe búṣì idẹ rẹ̀, òrùka tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ wọn ọ̀pá mọ́tò náà, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Mọ̀mí, àwọn tó ṣe èyí kò sáré." Mo rò ó lọ sílé.

Mi ò kì í ki ẹ̀rọ àtijọ́ bọ iná lásán. Gílóòbù 100 wáàtì, aláwọ̀ pupa ti àtijọ́ yẹn, ni mo máa ń so ṣáájú rẹ̀. Bí iná bá ti pàdé ara wọn níbì kan nínú ẹ̀rọ, gílóòbù á tàn yòò, nǹkan kan kò ní jóná. Bí ara ẹ̀rọ bá dá, gílóòbù á ṣẹ́jú, á sì wá rọlẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná LED ló kún ọjà báyìí, LED kò sì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ ìyá àgbà kan tó ń ta iná ìsìn-adìyẹ ni mo ti rí gílóòbù tó kẹ́yìn rà. Ó bi mí pé adìyẹ mélòó ni mo ní.

Ọ̀dà ńkọ́? Mo kùn ún, ó dára, ó ń dán. Bí mo ṣe gbé e sórí status WhatsApp mi ni ìkíni rọ̀jò. Kò sẹ́ni tó kí mi fún wáyà.

Ẹni tí ìkíni rẹ̀ ì bá dùn mọ́ mi jù kì í kí ènìyàn. Bàbá oníaago tó ní kàǹtà ní Ọjà Ọba ni. Ó ti ń tún aago ṣe kí wọ́n tó fi Àkúrẹ́ ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, búrọ́ọ̀ṣì àti bẹntiróòlù nínú abọ́ tánganran ni gbogbo ẹ̀rọ ìfọ̀ rẹ̀. Mo gbé Seiko 5 tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́ kó tú u fún mi, kí L&R fọ ọ́, kó wá tò ó padà. Aago yẹn ń lu 21,600 ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ 518,400 lójúmọ́, kò sì sí ẹni tó ṣí i láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òróró inú rẹ̀ ti di oje. Bàbá kọ́kọ́ yọ apá kékeré tí àwọn òkúta pupa méjì wà lẹ́nu rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó ní ìda ló so òkúta wọ̀nyẹn, tí oògùn tí ọtí wà nínú rẹ̀ bá kàn án, òkúta á rìn. Òtítọ́ ni, shellac ni ìda náà, ọtí sì ń yọ́ ọ. Nígbà tí ìyókù ti inú ẹ̀rọ jáde, ó ki awò sójú, ó yẹ ihò kọ̀ọ̀kan wò, ó tún mú igi ṣóńṣó, ó fi tọ́ inú méjì lára wọn.

"Ó mọ́, Ìyá Ìbejì," ó ní. "Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì mi náà ń fọ̀ ọ́ mọ́."

Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn, nítorí ẹ̀rọ kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi ṣóńṣó. Èyí tí mo bá a jà lé lórí ni bẹntiróòlù. Ó fẹ́ kí n yá òun ní ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó lè rọ bẹntiróòlù tirẹ̀ sínú ìgò rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, mi ò lè fún yín." Mọ́tò oníkábọ́ọ̀nù ń ta pàrà bó ṣe ń yí, ẹnu ìgò gan-an ló sì dúró lé. Èéfín bẹntiróòlù lè gbiná nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù ju yìnyín lọ, ní nǹkan bíi òdì 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ju 38 lọ kí èéfín rẹ̀ tó lè gba iná. Kẹrosíìnì ni èmi ń lò nínú ìgò àkọ́kọ́, mo sì ń fi white spirit àwọn ọlọ́dà ṣàn án. Mi ò sì tan ihò ìgbóná lẹ́yìn wọn, afẹ́fẹ́ ni mo ń jẹ́ kó gbẹ ẹ́. Kò tó oògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún un, àmọ́ owó orí èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ ju agbára mi lọ.

Bàbá bínú. Ó ní òun ti ń lo bẹntiróòlù kí wọ́n tó bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ ẹnu, mo kúnlẹ̀ tòótọ́, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Elma kò tíì parí. Wáyà wíwé inú ohun tó ń dín eré rẹ̀ kù já ní àárín, èyí tó bá a mu kò sì tíì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo lè fi ohun ìdíneré fáànù ìgbàlódé sí i kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ́la. Mi ò fẹ́. Ẹ̀rọ náà ń yí síwá, ó tún ń yí sẹ́yìn fúnra rẹ̀, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n bí i mọ́. Iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òkú Elma nílé, kó jọ̀ọ́ kó má tíì gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Bàbá fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní òun gbà, kẹrosíìnì náà ni, kí n wá wọn àyè orí kàǹtà. Mo lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ náà máa gba ibẹ̀ tí wọ́n bá gbé rédíò rẹ̀ kúrò. Orí rédíò la ṣì wà báyìí.