Ilé Tí Ó Ń Ṣílẹ̀kùn fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Bí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ Halloween, ọjọ́ tí àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà máa ń múra bí ẹlòmíràn, tí wọ́n ń ti ilé dé ilé gba súìtì, a tún gba ẹnu àwọn òbí kan ní Abẹ́òkúta, pàápàá àwa tí a ní ẹbí ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan á ní ọdún òkú àti àjẹ́ ni, kí ọmọ wa má gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn á fẹ́ ra ìbòjú fún ọmọ tiwọn nítorí pé wọ́n rí i lórí fóònù. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbòjú, kì í sì í ṣe súìtì, bí kò ṣe pé odidi àdúgbò a fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ọlọ́mọ.

Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Maryland ní Amẹ́ríkà ni ó là mí lóye. Ilé tí iná ìloro rẹ̀ bá ń tàn ni àwọn ọmọ máa ń yà sí. Èyí tí ó bá paná, wọn a kọjá rẹ̀ láìbínú. Àwọn òbí a dúró létí títì, ọmọ nìkan ni yóò lọ tẹ aago ẹnu ọ̀nà, onílé a gbé abọ́ súìtì jáde, a sì bi í léèrè ohun tí ó múra bí i. Bí wọ́n bá gbé elégédé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tí ó wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé sẹ́nu ọ̀nà, àmì ni pé ilé náà ní nǹkan ìṣeré tàbí pẹ́ńsù fún ọmọ tí ẹ̀pà tàbí mílíìkì kò bá lára mu. Ibi tí mo ti gba tiwọn jù nìyí, pé ẹnì kan jókòó, ó ro ti ọmọ tí kò mọ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra adìrẹ ní Ìtòkú ránṣẹ́ sí àbúrò mi yìí, wọ́n sì fi dá agbádá fún ọmọkùnrin rẹ̀. Nínú fídíò tí ó fi ránṣẹ́, ọmọ náà dé abetí-ajá, ó di ìrùkẹ̀rẹ̀ mú. Ìyá òyìnbó arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í pé ta ni òun ń wò yìí, ọmọ náà ní ọba Ẹ̀gbá ni. Ìyá náà tẹríba kí ó tó bu súìtì fún un.

Ọ̀rọ̀ òkú tí àwọn kan ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àìsùn ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, èyí tí í ṣe ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ni Halloween, ó sì bá Samhain mu, ọdún tí àwọn ará Ireland àtijọ́ fi ń kásẹ̀ ìkórè nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláìní a máa ti ilé dé ilé gba àkàrà òyìnbó kéékèèké, wọn a sì gbàdúrà fún òkú onílé. Àwọn ará Ireland tí ìyàn ọ̀dùnkún lé kúrò nílé láti 1845 wà lára àwọn tí ó gbé àṣà náà dé Amẹ́ríkà. Ní 1950, àwọn ọmọ kan ní Philadelphia gbé páálí mílíìkì dání, owó ni wọ́n sì gbà fún UNICEF, àjọ àgbáyé tí ó ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́, dípò súìtì.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi egúngún wé e. Ará ọ̀run ni egúngún, a kì í béèrè ẹni tí ó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Ohun tí ó jọ ọ́ nílé wa ni ìkíni ọdún. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, àwa ọmọ Ìjẹmọ̀ a wọ aṣọ tuntun, a ó máa ti agboolé dé agboolé, "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún," wọn a bu ìrẹsì fún wa, wọn a sì tẹ owó tuntun lé wa lọ́wọ́. Bàbá àgbà kan wà tí kì í fún ọmọ ní kọ́bọ̀ títí yóò fi dárúkọ bàbá rẹ̀ tí yóò sì ki oríkì ìdílé rẹ̀. Bí Iléyá bá dé, ilé àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wa ń gbà lọ.

Ní àdúgbò tí mo wà nísinsìnyí, lápá Obántókò, odi ga, géètì wà ní títì, àwọn ọmọ mi kò sì mọ orúkọ àwọn tí ilé wọn dojú kọ tiwa. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí pé ẹ̀rù ajínigbé kì í ṣe àsọdùn. Síbẹ̀, mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn onílé pé ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ilé tí ó bá fẹ́ gba ọmọdé so aṣọ adìrẹ mọ́ géètì rẹ̀, kí àgbàlagbà méjì tẹ̀lé ọ̀wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ pé ohun tí a dì dáadáa ni a ó fún wọn. Akọ̀wé ní kí n wá ṣàlàyé ní ìpàdé tí ń bọ̀. Bí wọ́n bá bi mí nípa àwọn ará àdúgbò tí kì í ṣe Kérésìmesì, èsì mi ni pé kí a tún ṣe é ní Iléyá.