Òkè Méjì, Owó Kan: Bí A Ṣe Kúrò ní Ẹ̀fọ̀n Lọ sí Ìdànrè

"Mọ́mì, owó tó bá ti wọ àpótí wa kì í jáde mọ́." Bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin tó ń gbowó ní òtẹ́ẹ̀lì tí a dé sí ní Ẹ̀fọ̀n wí fún mi ní aago méje àárọ̀, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù ọwọ́ rẹ̀. Owó òru mẹ́ta la ti san fún yàrá méjì. Òru kan ṣoṣo la sùn níbẹ̀, bí a bá lè pe èyí tí a sùn ní oorun. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bàbá Ìbejì ló fà mí lápá pé kí n jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ilé, nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ langba, tẹ́ ẹ sì ń ro ibi tẹ́ ẹ máa kó wọn lọ lásìkò ọlidé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an ni.

Adìrẹ ni mò ń tà ní Òṣogbo. Oṣù ọdún Ọ̀ṣun ni ìkórè tiwa. Láti ọdún 2005 tí UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, àlejò kì í wọ́n wa lóṣù kẹjọ, ẹni tó bá sì wá kì í fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọjà tọ̀tẹ̀ yìí tà. Mo sì ti ṣèlérí fún àwọn ìbejì pé bí wọ́n bá ṣe Wáẹ̀kì tán, gbogbo wa á jáde nílé, ká lọ gba atẹ́gùn lórí òkè. Táyé àti Kẹ́hìndé ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, Ìdòwú jẹ́ mẹ́tàlá. Ẹ mọ irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n, wọ́n á ní ó ti rẹ àwọn. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á ní ẹ ò ka àwọn sí.

Ibi tí a máa lọ ló dìjà. Owó tó wà nílẹ̀, ìlú kan ló lè gbé. Àwọn ọmọ ní Ìdànrè ni, wọ́n ti rí i lórí fóònù, àtẹ̀gùn tó gun àpáta lọ bí ẹni ń lọ sójú ọ̀run. Ìyá ọkọ mi, tó ń bá wa gbé, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lòun fẹ́. Ọmọ ìjọ CAC ni Ìyá láti ìgbà èwe rẹ̀, Ẹ̀fọ̀n sì ni sàréè Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá wà, ẹni tí ìsọjí rẹ̀ mi Iléṣà tìtì lọ́dún 1930, tó sì sùn nínú Olúwa lọ́dún 1959. Ìyá ní òun ò fẹ́ kú kí òun tó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn? Ọkọ mi náà ń ro ti epo mọ́tò, Ẹ̀fọ̀n sì sún mọ́ wa ju Ìdànrè lọ. Èmi ni mo wá fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí Ẹ̀fọ̀n. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ìlú òkè kúkú ni Ẹ̀fọ̀n náà, ibi tẹ́ ẹ bá kọjú sí, òkè ni. Kẹ́hìndé ní, "Màmi, kí la máa wá fi òkè náà ṣe?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n ti gbé yẹ̀ wò dáadáa kí n tó sanwó.

Ọjọ́bọ̀ la gbéra. Ọ̀nà Iléṣà ò fún wa ní wàhálà. A yà ní Ìwàràjà, a dúró ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi omi Olúmirìn, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè ní ìpele méje. Òjò ti mú kí omi náà kún, ariwo rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́ ká tó fojú rí i. Ìyá dúró sínú mọ́tò. Àwọn ọmọ gòkè dé ìpele kejì, wọ́n ṣì fẹ́ máa lọ, èmi ni mo pariwo pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ torí ilẹ̀ ń yọ̀. Ó ń dùn mí títí di òní. Gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rín in.

Ẹ̀fọ̀n tutù. Kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀ bo orí àwọn òkè náà nígbà tí a dé, bí ẹni da òwú bò wọ́n. A gba ibi sàréè lọ tààrà. Ìyá bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi gèlè há àyà, ó kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ju bí orúnkún rẹ̀ ṣe máa ń gbà fún un nílé lọ. Nígbà tó fẹ́ dìde, Ìdòwú ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Tórí ìyẹn nìkan, mi ò lè sọ pé a ṣìnà wá sí Ẹ̀fọ̀n.

Òtẹ́ẹ̀lì ló bà á jẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni yàrá kan fún òru kan. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́, Táyé ní láti na ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀kùn nígbà tó ń wẹ̀. Àárín ibùsùn ti jìn, tó fi jẹ́ pé èmi àti Bàbá Ìbejì ń yí lu ara wa láti alẹ́ dójúmọ́. Omi ò yọ nínú ẹ̀rọ. A bèèrè omi gbígbóná fún Ìyá, wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni garawa kan, wọ́n sì gbé e wá nínú garawa tó ń jò, ó ti ku ìdajì kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, iná ìjọba ò sì sí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò wọlé rárá. Àwọn ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta nínú òkùnkùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Mo jáde síta, mo bèèrè pé ṣé kò sí o. Kẹ́hìndé ní, "Kò sí, mà." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí irú wọn, ẹ mọ ohun tó wà nínú "kò sí, mà" yẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ò mọ̀ rí, ibi yòówù kó jẹ́, òru kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa san. Ẹ wọ inú yàrá kẹ́ ẹ tó yọ owó. Ẹ tan ẹ̀rọ omi, ẹ jókòó sórí ibùsùn, ẹ ti ilẹ̀kùn wò. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹni tó bá fẹ́ ra adìrẹ lọ́wọ́ mi, ṣebí ó máa tú u wò ni, ó máa na án sójú oòrùn, ó sì máa gbóòórùn aró rẹ̀. Kí ló dé tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó tó pọ̀ tó yẹn?

A kúrò níbẹ̀ láì gba kọ́bọ̀, ebi ń pa wá, ẹnu gbogbo wa wúwo. Odó la gbọ́. Àwọn obìnrin méjì dojú kọ ara wọn, ọmọ odó kan ń lọ sókè bí èkejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, iyán náà sì ń dún pọ̀, pọ̀, pọ̀. A jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, iyán Èkìtì yàtọ̀. Kò sí kókó kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ bù ú, á fà díẹ̀ kó tó já. Ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ sè ni wọ́n bù lé e, epo rẹ̀ pọ́n, irú ń ta sánsán. Ìdòwú, tó jẹ́ pé Indomie nìkan ló ń jẹ́ oúnjẹ lójú rẹ̀ nílé, jẹ tirẹ̀ tán, ó sì tún nawọ́ àwo. Ìyá oníyán pe iyán ní "uyán", àwọn ìbejì wo ara wọn, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá wa bá wọn wí lójú ẹsẹ̀ pé bí ará Èkìtì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àti pé ẹni tó fún ọ ní irú iyán yìí, ohun tó bá pè é náà ni kí o pè é. Owó oúnjẹ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò tó owó yàrá kan fún òru kan.

Ibi oúnjẹ yẹn ni Ìyá ti fọwọ́ nu ẹnu, tó wo ọmọ rẹ̀, tó ní, "Bàbá Ìbejì, èmi ti rí tèmi gbà. Ẹ kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sí Ìdànrè wọn." Ó ní arábìnrin kan wà ní Ẹ̀fọ̀n tí àwọn jọ kọrin nínú ìjọ ní Òṣogbo nígbà kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun máa wà títí a ó fi padà wá gbé òun. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Owó tó kù lọ́wọ́ wa ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá ti ibẹ̀ darí sílé, àwọn ọmọ yìí ò tún ní bá wa jáde mọ́.

A gba ọ̀nà Àkúrẹ́, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní Ọwẹ́nà, a kọjá. Lẹ́yìn Àkúrẹ́ ni oko kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lẹ́yìn náà ni àpáta yọ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì débẹ̀. Òkè Ẹ̀fọ̀n jìnnà sí ojú, igi bò ó, èèyàn á kàn máa wò ó ni. Ti Ìdànrè, àpáta dúdú borokoto ni, ó dúró gbagidi lórí òrùlé àwọn èèyàn. Gbogbo mọ́tò dákẹ́. Táyé rọra gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

Ìlú náà fúnra rẹ̀, orí òkè ló wà tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó mú. Wọ́n ní àtẹ̀gùn 660 ni. Táyé ka 664, Kẹ́hìndé ka 671, wọ́n sì jiyàn rẹ̀ dé Òṣogbo. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, orúnkún mi ní òun ò lọ mọ́. Mo jókòó, mo sọ pé kí wọ́n máa lọ, màá dúró dè wọ́n. Kẹ́hìndé padà wá. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ni èmi àti ọmọ yìí ò ti sọ̀rọ̀ tó kọjá "ẹ káàárọ̀, mà". Ó gba àpò ọwọ́ mi kọ́ èjìká, ó fún mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmi, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ máa kọ́kọ́ gbé, kẹ́ ẹ wá fi tòsì bá a." Bẹ́ẹ̀ la ṣe gun ìyókù, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ọwọ́ mi nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó ga jù mí lọ. Mi ò mọ ìgbà tó ga tó bẹ́ẹ̀.

Lókè, a rí ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀, ilé ẹjọ́ ìgbà náà, àti ibi tí wọ́n ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́. Táyé bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń mú wa kiri pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ẹrù ìyàwó dé ibí. Ó ní orí ni wọ́n fi ń rù ú. Gbogbo wa tún padà wo ìsàlẹ̀. A dé ibi ipasẹ̀ kan tó wà lára àpáta, tí wọ́n ń pè ní ti Agbòógun. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń bá a mu, ti ọmọdé ni o, ti àgbà ni, àfi ti àjẹ́. Ìdòwú fà sẹ́yìn. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ sí i. Ó bá a mu. Ó mí kanlẹ̀, ó sì sáré lọ fa bàbá rẹ̀ wá pé ó yá, ó kàn yín.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí àwọn tó ṣáájú wa gòkè jù sílẹ̀ láàárín àpáta. Lọ́dún 2007 ni wọ́n ti fi òkè yìí sínú ìwé àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò UNESCO, kò tíì wọlé bíi ti Igbó Ọ̀ṣun wa. Ẹ kó ìdọ̀tí yín sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kẹ́ ẹ sì ra omi yín nínú ìlú, torí bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ òkè náà ni owó rẹ̀ ń lọ sókè.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn onífọ́tò pẹ̀lú. Ọ̀kan ń yà wá láti ìsàlẹ̀, a ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ti tẹ mẹ́rìnlá jáde, ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹ́yọ kan. Bàbá Ìbejì ti fẹ́ máa bínú. Táyé ló bọ́ síwájú, ó to àwọn fọ́tò náà sílẹ̀ bí ẹni pàtẹ, ó yọ mẹ́ta, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ̀rún méjì fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ ẹ ò bá tà á fún wa, ta lẹ máa tà á fún? Ojú wa ló wà níbẹ̀." Ọkùnrin náà wò ó títí, ó gbowó. Ọmọ tó ti ń bá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti kékeré ni, mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ gbogbo bí mo ṣe ń nájà.

Bí ẹ bá bi mí, ọmọ langba, Ìdànrè ni. Ẹ̀fọ̀n dára fún àgbà, fún àdúrà àti fún iyán, màá sì tún lọ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òkè tí èèyàn kàn ń wò kò tó ọmọ tí agbára wà lára rẹ̀. Bí Ẹ̀fọ̀n bá pọn dandan fún yín, ẹ fi ọjọ́ kan odindi sílẹ̀ fún Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gòkè débi tí agbára wọn bá gbé e dé.

Ọjọ́ Àìkú la padà lọ gbé Ìyá lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí, Ìyá ò rí ọ̀kan mú nínú rẹ̀. Wọ́n na fọ́tò sí i. Ó mú èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró síwájú ààfin, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó fi í sáàárín ewé rẹ̀, ó pa á dé. Kò tíì dá a padà fún wa.