Ẹni tó ń wọ́ ṣíbí kiri ní dáàmù Ọ̀pá

Orúkọ tí àwọn aláwọ̀n dáàmù Ọ̀pá, nínú ọgbà OAU n'Ífẹ̀, sọ mí nìyẹn, wọn ò sì parọ́. Ṣíbí onírin ni mo gé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo lu ihò sí ìkángun rẹ̀ méjèèjì, mo so okùn mọ́ ọ̀kan, mo fi ìwọ̀ kọ́ èkejì. Bí mo bá ti ń wa ọkọ̀, á máa yí, á máa kọ mọ̀nà lẹ́yìn mi, ẹja ńlá á rò pé ẹja kékeré tó fara pa ni. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀ o: Julio Buel, ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú rẹ̀ ní 1852.

Bàbá kan láàárín wọn bi mí pé, "Ọmọ mi, ẹ̀pìyà wo ló máa gbé irin mì?"

Mo ní, "Kò sí, Bàbá." Ewé àti ohun wẹ́wẹ́ inú omi ni ẹ̀pìyà ń jẹ ní tirẹ̀. Èyí tí mò ń wá ni ẹja gígùn eléyín ṣóṣóró tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hepsetus odoe. Ẹja ló ń pa jẹ. Á ba sínú koríko, á ta jáde lójijì. Nítorí náà mi ò kì í gba àárín omi, ẹ̀bá koríko ni mò ń tọ̀. Mo sì máa ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín okùn àti ṣíbí, torí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni eyín yẹn á já okùn.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Mi ò fẹ́. Bí mo bá fa àjẹ̀, ọkọ̀ á sún síwájú, ṣíbí á gòkè. Bí mo bá yọ ọ́, ọkọ̀ á dẹwọ́, ṣíbí á rì díẹ̀. Ìgbà tó ń rì yẹn gan-an ni ẹja sábà máa ń gbá a. Bí okùn bá jẹ́ méjì, ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá ń yípo: tòde á sáré, tinú á lọ sílẹ̀. Èyí tí ẹja bá jẹ ló máa sọ bóyá kí n wà á kíkan ni àbí kí n rọra.

Ike òfìfo tó bá léfòó, àwọ̀n ẹlòmíràn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń yà fún un. Ìjà ni bí ṣíbí bá há síbẹ̀. Bí mo bá sì rí ohun funfun tó hó bí ọṣẹ láàárín koríko, ìtẹ́ ẹja eléyín yìí ni, inú rẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, á sì máa ṣọ́ ọ. Mo máa ń ká okùn kọjá ibẹ̀.

Egungun rẹ̀ pọ̀, mi ò ní tàn yín. Ẹ fi se ọbẹ̀ ata, kí ẹ sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀pìyà, kó lọ dúró de Bàbá létí omi.