Ìlera ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ nílé ìwé: ta lọmọ yẹn lè lọ bá?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí lọ bi ọmọ ẹ̀: "Tí nǹkan kan bá ń dà ẹ́ lọ́kàn rú nílé ìwé, tí o ò sì lè sọ ọ́ fún wa nílé, tíṣà wo lo lè lọ bá?" Ẹ má bá a wá èsì o, ẹ ṣáà dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Tó bá dárúkọ ẹnì kan kíá, ẹ dúpẹ́. Tó bá wolẹ̀, tó ní "kò sí," a jẹ́ pé iṣẹ́ wà nílẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kí ilé ìwé náà lórúkọ tó, bó ti wù kí àwọn ọmọ ibẹ̀ máa páàsì tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ń bá àìsàn ọpọlọ fínra. Tí kíláàsì bá ní ọmọ 35, ẹ ṣírò ẹ̀, bíi ọmọ 5 ló jókòó síbẹ̀ láràárọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ nígbà tí wọ́n bá ń pe rẹ́jísítà, tó ń kọ nóòtì, tí ẹnikẹ́ni ò mọ nǹkan tó ń là kọjá. Nǹkan bí ìdajì àìsàn ọpọlọ tí èèyàn ń ní láyé ẹ̀ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 18, ìyẹn ni pé inú yunifọ́ọ̀mù ló ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìdí tí a kì í fi í tètè rí i ni pé ìsoríkọ́ ọmọ ọdún 15 kì í fìgbà gbogbo jọ ìbànújẹ́. Ọmọ náà lè má sunkún rárá, kíkanra lásán ni. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ kékeré, á fìbínú dáhùn, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Inú ẹ̀ á máa run ún láràárọ̀ Mọ́ńdè, orí á máa fọ́ ọ tí dókítà ò ní rí ìdí ẹ̀, bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á ní òun ò gbá mọ́, á máa yẹra fún ọ̀rẹ́. Mi ò sọ pé ká sáré gbé ọmọ lọ ọsibítù torí pé inú ẹ̀ ò dùn lọ́jọ́ kan o, gbogbo wa la ní irú ọjọ́ yẹn, àmọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ò yí padà, tó sì ti ń dí oúnjẹ àti oorun àti ìwé ẹ̀ lọ́wọ́, ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì í. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ọmọ tó ń gba ipò kìíní, torí kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè nǹkan kan. Ó gba 92, ó lọ sunkún sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí 8 tó kù, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti oorun, torí ilé ìwé fúnra ẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Tí ọmọ bá ti ń bàlágà, melatonin, ìyẹn èròjà inú ara tó ń jẹ́ kí oorun kunni, kì í tètè jáde lálẹ́ mọ́ bíi ti ìgbà tó wà ní kékeré. Fóònù ń dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fóònù nìkan. Ọmọ tí oorun ò lè tètè kùn kó tó di aago mọ́kànlá, tí ara ẹ̀ sì nílò oorun wákàtí 8 sí 10, tí wọ́n wá ní kó wà ní kíláàsì láago méje, ibo ló ti fẹ́ rí i? Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, ti sọ láti 2014 pé kí ilé ìwé àwọn ọ̀dọ́ má bẹ̀rẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Ìlú Seattle níbẹ̀ sún tiwọn síwájú ní 2016, àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, oorun àwọn ọmọ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 34 lé sí i. Ìpínlẹ̀ California sọ irú ẹ̀ dòfin, òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò lè yí aago padà, torí mọ́tò, torí iṣẹ́ àwọn òbí. Ó dáa, ṣé wọn ò lè dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù ni? Ṣé dandan ni kí tẹ́ẹ̀sì ìṣirò wà ní pírọ́ọ̀dù àkọ́kọ́?

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ìwádìí kan wà lórí bí ilé ìwé ṣe lè dènà kí àwọn ọ̀dọ́ máa gbẹ̀mí ara wọn, SEYLE ni wọ́n ń pè é, orílẹ̀-èdè 10 ní Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é, ilé ìwé 168, ọmọ tó lé ní 11,000, ó jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2015. Wọ́n pín àwọn ilé ìwé náà sọ́nà mẹ́rin. Níbì kan, wọ́n kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe máa dá ọmọ tó wà nínú ewu mọ̀. Níbòmíì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè, ẹni tí èsì ẹ̀ bá kọni lóminú, wọ́n á ní kó lọ rí oníṣègùn. Ọ̀nà kẹta ni YAM, àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n jókòó tì, wọ́n ní kí wọ́n máa fi eré ṣàfihàn ìṣòro tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí wàhálà, lórí ìsoríkọ́, lórí ohun téèyàn lè ṣe tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ní ayé ti sú òun, gbogbo ẹ̀ ò ju wákàtí 5 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀nà kẹrin, pósítà lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tó pé ọdún kan, YAM nìkan ló yàtọ̀ kedere sí ti pósítà: iye àwọn ọmọ tó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì dín.

Kò yà mí lẹ́nu. Ta lọmọ ọdún 14 ń kọ́kọ́ sọ ìṣòro ẹ̀ fún? Ọmọ ọdún 14 bíi tiẹ̀ ni, lóru, lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ yẹn á wá máa gbé ẹrù tó wúwo jù ú lọ kiri, á máa bẹ̀rù àtisùn kí nǹkan má lọ ṣẹlẹ̀, torí ó ti búra pé òun ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni. Àwọn ọmọ yìí ló yẹ ká kọ́ pé irú àṣírí yẹn kọ́ la ń pa mọ́, ká sì fi ẹni tí wọ́n lè gbé e lọ bá hàn wọ́n. Kì í kúkú ṣe gbogbo ètò tó bá ti lórúkọ ló ń ṣiṣẹ́ o. Wọ́n kó ilé ìwé bíi 85 jọ ní Bìrìtéènì, wọ́n fi mindfulness, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń fọkàn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan bí ìdajì wọn, èsì ẹ̀ jáde ní 2022, kò ṣe wọ́n láǹfààní ju ohun tí ilé ìwé ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ṣe é nílé.

Ẹ̀yin tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bà yín láti béèrè ọ̀rọ̀ ikú, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa fi sí ọmọ lọ́kàn. Àwọn onímọ̀ ti wádìí ẹ̀ dáadáa, ìbéèrè kì í fi í sí i lọ́kàn, ara máa ń tu ọ̀pọ̀ nígbà tẹ́nì kan bá béèrè. Ẹ bi í ní tààrà, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ṣé ó ti ń ṣe ẹ́ bíi pé kó o pa ara ẹ?" Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni, ẹ sọ fún un látilẹ̀ pé tí ẹ̀mí ẹ̀ bá wà nínú ewu ẹ máa ní láti pe ẹlòmíì, àmọ́ òun ló máa kọ́kọ́ mọ ẹni náà. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ pe òbí, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sì jọ̀ọ́, kò gbọ́dọ̀ di ìròyìn ní yàrá àwọn tíṣà.

Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá padà wá sílé ìwé lẹ́yìn ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn le gan-an. Iṣẹ́ ti jọ dè é, gbogbo ojú ń wò ó, ẹnì kan á ṣáà pariwo "ibo lo lọ látọjọ́ yìí?" Kó tó wọlé, kí ẹnì kan láti ilé ìwé ti rí i, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí ohun tó máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ni. Kó máa wá fún ìdajì ọjọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n fagi lé iṣẹ́ tí ò pọn dandan, kó sì mọ yàrá kan tó lè lọ jókòó sí tí àyà ẹ̀ bá ń já, láìjẹ́ pé ó ń ṣàlàyé ara ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Lẹ́yìn bí oṣù kan, kí òbí àti ilé ìwé tún jókòó wo bó ṣe ń lọ, kí ọmọ náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.