Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa wíwo ẹyẹ àti wíwẹ omi gbígbóná ní Tùnísíà

Ẹni tó bá ń lọ sí Tùnísíà nítorí ẹyẹ, oṣù tí yóò lọ ni kí ó kọ́kọ́ mú, kí ó tó ronú kan ilé ìtura. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ni èrò ń rọ́ lọ sí etíkun wọn, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ni adágún Ichkeul, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, dùn ún wò. Ìgbà náà ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀, tí àwọn odò ń da omi tí kò níyọ̀ sínú adágún, tí ewéko tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó láti Yúróòpù ń jẹ sì ń gbilẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà, omi iyọ̀ ni yóò gba ojú odò Tinja wọlé, àwọn ẹyẹ yóò sì ti lọ. Ìsédò tí wọ́n kọ́ sórí àwọn odò wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ibẹ̀ jẹ́, débi pé UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé tó wà nínú ewu láti 1996 sí 2006.

Àwòdì ni tèmi, nítorí náà oṣù Kẹrin ni mo fẹ́ràn jù, ní El Haouaria, ní ṣóńṣó Cap Bon, ilẹ̀ tó yọ sínú òkun ní àríwá ìlà-oòrùn Tùnísíà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé àwòdì sókè láìjẹ́ pé ó ń ju apá kì í sábà sí lójú òkun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kóra jọ síbi tí ọ̀nà orí òkun lọ sí Sísílì, erékùṣù Ítálì, ti kúrú. Inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni àwọn kan nínú wọn ti ń bọ̀. Ẹ gbé awò ìwòjìnnà dání, kí ẹ sì múra sílẹ̀ fún ọrùn ríro.

Fún ọrùn náà, Korbous, ìlú omi gbígbóná, wà ní Cap Bon kan náà. Ní ìsun Aïn Atrous níbẹ̀, omi tó gbóná tó nǹkan bí 50°C ń tú láti inú àpáta bọ́ sínú òkun. Ibi tí òun àti omi òkun ti pàdé ni kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe ẹnu ìsun, nítorí ó lè bó ènìyàn. Èmi kò gbà pé ó ń wo gbogbo àrùn bí àwọn kan ti ń polówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dẹ iṣan mi. Ní àwọn ilé ìwẹ̀ olómi òkun ti Hammamet àti Djerba, owó pọ̀ ju ti Aïn Atrous lọ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tó lóyún, kí ó bi dókítà rẹ̀ nílé kí ó tó sanwó.