Ọjọ́ Ìbí Ọ̀rẹ́ Mi, Owó Tèmi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ kàwé ní ìlú Ọba ní September, ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ Friday kan fún yín, ní November 2024, ní Manchester. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Ti ìwé, ẹ ó rí ẹni bá yín sọ ọ́.

Ọmọ kíláàsì wa kan, ọmọ Stockport nítòsí Manchester, ló ń ṣọjọ́ ìbí. Ó ní ká wá jẹun ní àdúgbò Northern Quarter, lẹ́yìn náà ká lọ mu nǹkan. Inú mi dùn gan-an. Láti oṣù méjì tí mo ti débẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì pè mí síbì kankan. Mo ra káàdì àti ṣokoléètì dání, mo wọ bọ́ọ̀sì 142 láti Fallowfield dé Piccadilly Gardens, £2. Lójú tèmi, ìnáwó mi ti parí nìyẹn. Ṣebí ẹni tó peni wá jẹun ló ń sanwó oúnjẹ? Nígbà tí mo wà ní Fájúyì Hall ní Ifẹ̀, ọlọ́jọ́ìbí ló ń ra ọtí, òun náà la tún máa ń da omi lé lórí.

Ní ìlú Ọba, àwọn tó wá ló sábà máa ń dáwó, wọ́n á sì bá ọlọ́jọ́ìbí san tirẹ̀. Ìrẹsì ni mo jẹ, omi ẹ̀rọ ni mo mu. (Ibi tí wọ́n bá ti ń ta ọtí ní England, òfin ní kí wọ́n fún yín lómi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá béèrè. Ẹ béèrè.) Àwọn tó kù ń pe wáìnì. Nígbà tí bíìlì dé, ẹnì kan yọ fóònù, ó pín in dọ́gba-dọ́gba: £41 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan owó àwọn tó gbé oúnjẹ wá, tí kì í ṣe dandan, tí èèyàn lè ní kí wọ́n yọ kúrò. Ohun tí mo jẹ kò tó £14.

Ibi tó ń dùn mí di òní ni pé ọmọbìnrin tó jókòó tì mí sọ pé òun ò mu ọtí, pé ohun tóun jẹ lòun máa san. Wọ́n yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ wojú rẹ̀. Èmi ṣì dákẹ́. Mo ń rò ó pé wọ́n á ní ọmọ Nàìjíríà yìí háwọ́. Mo yọ káàdì báǹkì, mo ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí, wọ́n ní ká mú ìwé ìdánimọ̀ wá. Káàdì físà mi ni mo gbé dání, ọkàn mi ò sì balẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kí n má baà sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà yín wà. Ẹ má torí ìyẹn máa gbé páásípọ́ọ̀tù kiri lóru. Ẹ gba láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà (provisional), £34 ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ ò tiẹ̀ ní wakọ̀ láé.

Nínú ilé ọtí, wọn kì í dá ra tiwọn. Ẹnì kan á ra fún gbogbo yín, ẹlòmíì á tún ra. Tó o bá ti mu ẹyọ kan lórí owó ẹlòmíì, o ti wọ̀ ọ́. Àwa mẹ́rin ni, ó kàn mí, £22. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé èmi á máa ra tèmi.

£63 lápapọ̀. Ní £11.44 fún wákàtí kan tí mò ń gbà níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, iṣẹ́ wákàtí márùn-ún ààbọ̀ nìyẹn. Mo bá lọ bẹ ọ̀gá wa pé kó fún mi ní ṣíìfù kan sí i. Mo ti ní wákàtí 16 lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣíìfù náà, wákàtí mẹ́jọ. Obìnrin náà wò mí, ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sílé ni. Wákàtí 20 ni físà gbà láàárín sáà ẹ̀kọ́, Monday dé Sunday ni wọ́n sì ń kà á. Gàrí gbígbẹ pẹ̀lú súgà ni mo fi parí oṣù yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí tèmi dé ní February, mo pè wọ́n sí yàrá mi, mo se jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọmọ Stockport yìí jẹun tán, ó nu ẹnu, ó yọ fóònù, ó ní, "Èló ni tèmi?"