Bí Àníyàn Ilé Bá Tẹ̀lé Yín Dé Àgbádárìgì

Èèyàn lè lọ sinmi, kó jókòó sí Marina, òpópónà etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, kí atẹ́gùn ọ̀sà máa fẹ́ sí i lára, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ wà lórí owó ilé-ìwé ọmọ àti iṣẹ́ tí ọ̀gá ń retí. Ọpọlọ kì í fi ohun tí kò tíì parí sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní ronú gbèsè, gbèsè náà ló ń rò yẹn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ ya àkókò sọ́tọ̀ fún àníyàn, kó má bàa gba gbogbo ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ilé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá ku ọjọ́ méjì kí ẹ gbéra, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn sílẹ̀. Ẹ parí èyí tó ṣeé parí, ẹ fa òmíràn lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kí ẹ wá kọ ọjọ́ àti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ síwájú èyí tó kù. "Ọ̀rọ̀ lanlọ́ọ̀dù" lásán kò tó. "Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀, mo máa pe lanlọ́ọ̀dù, mo máa bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i" ló tó.

Èyí tó máa ń dé kí ọkọ̀ tó kún ní Mile 2 ni: "Àbí mi ò pa gáàsì?" Ọwọ́ ló pa á nígbà tí ọkàn wà níbòmíì, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rántí. Bí ẹ bá ń pa á, ẹ sọ ọ́ sókè: "Mo ti pa gáàsì." Ẹ ya fọ́tò orí sílíńdà náà. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré lójú ọ̀nà, kí ẹ sì pa fọ́tò náà rẹ́, torí ẹni tó bá ń wò ó léraléra ń kọ́ ọkàn ara rẹ̀ pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ má sì ṣèlérí aago kan pàtó fún ẹni tó ń retí yín. Láti Àgbárà lọ, àwọn ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè máa ń dá ọkọ̀ dúró, bí ẹ bá ti dá aago, gbogbo ìdádúró ni yóò máa gún yín lára. "Tó bá di ọ̀sán" ti tó.

Alẹ́ àkọ́kọ́ máa ń le. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Brown University, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ní alẹ́ àkọ́kọ́ níbi tó ṣàjèjì, apá òsì ọpọlọ kì í sùn wọra bí apá ọ̀tún. Ó ṣì ń ṣọ́nà. Ẹ má tìtorí ẹ̀ sọ pé ìsinmi ti bàjẹ́. Ní tèmi, òru méjì lójú kan náà sàn ju òru kan ní Àgbádárìgì àti òru kan ní Ẹ̀pẹ́ lọ. Ẹ mú aṣọ ìbora yín láti ilé dání. Kí ẹ tó sùn, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tó wà níwájú láti ṣe. Wọ́n dán èyí náà wò ní Baylor University, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: àwọn tó kọ iṣẹ́ tó ń bọ̀ tètè sùn ju àwọn tó kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti parí lọ.

Lójúmọ́, ẹ mú ogún ìṣẹ́jú fún àníyàn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ dára. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ọ̀rọ̀ owó bá yọjú ní aago mọ́kànlá, nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Gberefu, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ kí ẹ sún un di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí aago bá lù, ẹ ka àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹ máa rí i pé òmíràn ti tutù fúnra rẹ̀. Ẹ fagi lé e. Ibi tí èyí ti máa ń bàjẹ́ ni kí ẹ fo àkókò náà torí pé ara tù yín. Bí ẹ bá fò ó, ọkàn ò ní gbà yín gbọ́ mọ́ nígbà tí ẹ bá tún ní kó dúró.

Fóònù ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo nílé ni kó láṣẹ láti pè yín fún pàjáwìrì. Ẹ pa ohùn ìyókù, kí ẹ wo WhatsApp lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá béèrè owó, ẹ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo máa dá yín lóhùn lọ́jọ́ Ajé."

Bí àyà bá ń já, ẹ fa èémí sínú nímú títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, kí ẹ tú u jáde títí ẹ ó fi ka mẹ́fà, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí èémí bá ń jáde ni ọkàn máa ń rọra lù. Ẹ má fà á kíkankíkan, òòyì lè kọ́ yín. Ìrìn etíkun láàárọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ má wẹ̀ nínú òkun, omi ibẹ̀ ń fà.

Bí ọkàn yín bá ti wúwo tẹ́lẹ̀, ẹ má kó ọjà ẹrú Vlekete, ilé ẹrú Sẹ̀ríkí Abass àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ inú ilé Mobee pọ̀ sọ́jọ́ kan. Ẹ̀dùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀kan lóòjọ́ tó, kí ẹ sì fi ọ̀sán tó tẹ̀lé e jókòó lábẹ́ igi àgbọn.

Àyà tó ń dunni kì í ṣe ti èémí fífà. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Bí oorun bá sì ti sá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí bó bá ń ṣe yín bíi pé kí ẹ kú, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ó sì tẹ̀ lé yín lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá.